Ohun Tí Kò Bára Mu Nínú Ìtàn, Má Gbé E Mì

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo fẹ́ bá ẹ sọ nǹkan kan tí àwọn obìnrin bíi tiwa ń ṣe ṣùgbọ́n tí wọn kì í sábà jẹ́wọ́. Tí a bá ń wo fíìmù tàbí tí a ń ka ìwé tó ní apá kìíní, apá kejì, títí a fi gbàgbé iye apá rẹ̀, ìgbà kan á dé tí ọkàn wa á sọ pé: "Dúró ná. Ṣebí wọ́n ti ní irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé e mì. A ó ní fíìmù lásán ni, a ó sì dìde lọ wo ìkòkò lórí iná. Èmi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí o má gbé e mì mọ́. Ibi tí ìbéèrè yẹn ti dìde ni ìtàn náà ti ń dùn jù, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olólùfẹ́ ìtàn ti ń gbádùn rẹ̀.

Jẹ́ ká mú òòlù Thor, torí mo mọ̀ pé o ti wo àwọn fíìmù Avengers. Òfin òòlù náà kò gùn: ẹni tó bá yẹ nìkan ló lè gbé e. Nínú Avengers: Age of Ultron, tó jáde ní ọdún 2015, wọ́n ń ṣe fàájì lálẹ́, òòlù wà lórí tábìlì, wọ́n wá ń dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tony Stark fà á, kò mì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ irin rẹ̀, ó tún fà á, kò mì. Ó kan Steve Rogers. Steve dì í mú, òòlù sì sún díẹ̀, bíńtín báyìí. Ojú Thor ni kí o wò nígbà yẹn, má wo òòlù. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Steve wá jọ̀wọ́ òòlù, Thor sì rẹ́rìn-ín padà. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Ó di Avengers: Endgame, ní ọdún 2019, kí Steve tó gbé òòlù náà tó sì fi jagun.

Kí ló dé tí kò gbé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Àwọn kan ní ó lè gbé e, ó mọ̀ lára pé ó ti fẹ́ gbérí, ó kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó má bàa dójú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín àwùjọ. Àwọn mìíràn ní kò tíì yẹ tán. Wọ́n ní ó ń fi ọ̀rọ̀ ikú bàbá àti ìyá Tony pa mọ́ fún Tony, àṣírí náà kò sì tú títí di Captain America: Civil War ní ọdún 2016, pé lẹ́yìn tó tú ni ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́. Àbá kejì yìí ni mo fara mọ́. Ó jẹ́ kí fíìmù mẹ́ta di ara wọn mú, ó sì sọ ohun tí òòlù náà ń wò lára ènìyàn fún wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní bínú sí ẹ tí o bá mú èkíní, torí ó jẹ́ kí n rí ojú àánú Steve tí mi ò bá má rí.

Ọmọ mi ọkùnrin ló bi mí ní ìbéèrè tó dára jù lórí òòlù yìí. A jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dá fíìmù náà dúró, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní: "Mọ́mì, tí ẹnikẹ́ni ò bá lè gbé e, báwo ni tábìlì ṣe gbé e?" Má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣe fíìmù náà fúnra wọn mọ̀ pé a ó bèèrè. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, Steve àti Tony ń ṣe irú àríyànjiyàn yìí lórí lífìtì: bí ènìyàn bá gbé òòlù sínú lífìtì tí lífìtì sì gòkè, ṣé a ó ní lífìtì yẹ? Ìdáhùn tí èmi àti ọmọ mi fẹnu kò lé lórí ni pé ọkàn ni òòlù náà ń yẹ̀ wò. Tábìlì kò ní ọkàn, kò sì ní in lọ́kàn láti gba agbára Thor mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí i láti gbà á ni òfin ń dá dúró. A tún wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àbá wa máa dúró. Ó dúró.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé a padà lọ wò ó. Àbá tí a kò gbé padà sínú ìtàn láti dán an wò, àròsọ lásán ni, ẹnikẹ́ni lè sọ irú rẹ̀.

Ohun kejì, kí o tó ṣí ẹnu nínú àwùjọ, mọ̀ pé ìbéèrè kan lè ní ìdáhùn méjì, kí o sì mọ èyí tí wọ́n ń béèrè. Star Trek, eré nípa àwọn tó ń rin ìrìn àjò láàárín ìràwọ̀, ló kọ́ mi ní èyí. Nígbà tí àwọn Klingon, ìran kan láti ayé mìíràn nínú eré náà, kọ́kọ́ yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọdún 1967, ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n: wọ́n kàn kun ojú wọn dúdú díẹ̀, wọ́n fi irùngbọ̀n sí i. Ó di ọdún 1979, fíìmù sinimá àkọ́kọ́ jáde, àwọn Klingon kan náà wá ní iwájú orí tó rí gbágungbàgun bí ẹni pé egungun ń hù níbẹ̀. Báwo ni odindi ìran kan ṣe yí ojú padà? Tí o bá bi ẹni tó ń ṣe fíìmù, á sọ pé owó ti pọ̀ sí i, àwọn tó ń kun ojú sì ti mọ iṣẹ́ jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pa òùngbẹ olólùfẹ́ ìtàn. Olólùfẹ́ ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Klingon, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àwọn tó ń kun ojú.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá àbá nìyẹn. Àwọn kan ní ẹ̀yà Klingon méjì ló wà. Àwọn kan ní àìsàn ni. Ní ọdún 1996, nínú eré kan tí wọ́n fi ṣe ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún Star Trek, wọ́n mú àwọn ènìyàn inú Deep Space Nine, eré Star Trek mìíràn, padà sí ayé àtijọ́, wọ́n sì fojú kojú pẹ̀lú àwọn Klingon olójú ènìyàn. Wọ́n yíjú sí Worf tó jẹ́ Klingon. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ń méfò níwájú rẹ̀, ọ̀kan ní wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ìran wọn ni, èkejì ní kòkòrò àrùn ni. Worf ní àwọn kì í bá àlejò sọ ọ́. Ó tán! Ẹni tó ń wò ó nílé mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ òun. Nígbà tó wá di ọdún 2005, eré Star Trek: Enterprise fi odindi ìpín méjì ṣàlàyé rẹ̀: àwọn Klingon fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí wọ́n ti tún ṣe sọ ara wọn di alágbára, ó bọ́ sódì, ó di àrùn tó ń ràn, iwájú orí ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ́jú. Méfò-méfò méjì tí wọ́n ṣe níwájú Worf pàdé ara wọn nínú àlàyé kan ṣoṣo.

Nítorí náà, tí ẹnì kan nílé bá bi ẹ́ pé kí ló dé tí Klingon yí padà, má ṣe já a lulẹ̀ pẹ̀lú "owó ni." Gbọ́ irú ìbéèrè tí ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n má fi ìdáhùn owó ṣòfò náà, torí ó dùn láti mọ̀, pàápàá fún ọmọ tó ń rò ó láti ṣe fíìmù lọ́jọ́ iwájú.

Ẹni tó mọ eré àbá dídá yìí ṣe jù lójú mi ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy L. Sayers, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí o bá máa kọ́ ọ láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kọ́ ọ láti ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Sherlock Holmes ni. Arthur Conan Doyle kọ ìwé gígùn 4 àti ìtàn kúkúrú 56 nípa Holmes àti Dókítà Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì jọ pé ó ń wẹ̀yìn wò púpọ̀ kí ó tó kọ èyí tó kàn. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ní ọdún 1887, ọta ìbọn ba Watson ní èjìká lójú ogun ní Afghanistan. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, ní ọdún 1890, ẹsẹ̀ ni ọgbẹ́ ogun ti ń dùn ún. Orúkọ rẹ̀ ni John H. Watson. Síbẹ̀, nínú ìtàn kan tó jáde ní ọdún 1891, ìyàwó rẹ̀ pè é ní James.

Ẹni tí kò fẹ́ràn ìtàn á ní Doyle gbàgbé ni. Sayers kò gbà. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ni H tó wà láàárín orúkọ náà dúró fún, nígbà tí Doyle kò sọ. Ó ní Hamish ni. Hamish ni àwọn ará Scotland ń pe James. Ìyàwó Watson kàn mú orúkọ àárín tí ọkọ rẹ̀ kò fi han aráyé, ó sọ ọ́ di orúkọ ìfẹ́. Ṣé o rí i bó ṣe bọ́ sí i? Ìwọ àti èmi mọ̀ pé orúkọ tí ìyàwó ń pe ọkọ nínú yàrá kò pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀. Sayers kò fi ohunkóhun kún ìtàn láti òde. Lẹ́tà kan tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1887 ló lò, ó fi yanjú ohun tó dojú rú ní ọdún 1891, ó sì fún tọkọtaya náà ní ìfẹ́ tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kò ráyè kọ.

Ti ọgbẹ́ yẹn, àwọn kan ní ọta méjì ni, àwọn kan ní ọta kan ṣoṣo ló bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, tó gba èjìká dé ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú wọn.

Kì í ṣe Sayers ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o. Ní ọdún 1911, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ní Oxford, Ronald Knox, tó di àlùfáà lẹ́yìn náà, dìde ka ọ̀rọ̀ kan tó fi yẹ àwọn ìtàn Holmes wò bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń yẹ Bíbélì wò. Sayers wá fi ìlànà kan kún un tí mo fẹ́ kí o dì mú: kí a ṣe é tọkàntọkàn, bí àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe ní pápá Lord's ní London. Ó ní bí a bá ti fi àsọdùn tàbí yẹ̀yẹ́ díẹ̀ sí i, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń fi ìtàn ṣe yẹ̀yẹ́ kì í rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Èyí tún wà fún ẹ gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Ní ọdún 1934, Christopher Morley dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Holmes kan sílẹ̀ ní New York, wọ́n ń pè é ní Baker Street Irregulars. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló dá ọ̀kan nínú àbá tó dára jù. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan kò káwọ́ gbera. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Adventuresses of Sherlock Holmes, wọ́n sì lọ fẹ̀hónú hàn níta ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń jẹun alẹ́ ẹgbẹ́, nínú òtútù oṣù January ọdún 1968. Ọdún 1991 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin wọlé. Tí àwọn ọkùnrin bá wá ń pariwo lé ẹ lórí níbi tí ẹ ti ń jiyàn lórí fíìmù, tí wọ́n ní kí ni obìnrin mọ̀ níbẹ̀, má bá wọn pariwo. Bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á wá ibẹ̀ tì.

Ní ti ilé, má jẹ́ kí àbá da ìwọ àti ọkọ rẹ rú. Mo mọ tọkọtaya kan tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́jú nítorí ìparí Endgame. Òfin tí Bruce Banner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àárín wọn, là sílẹ̀ nínú fíìmù náà ni pé bí o bá padà sí àná láti yí nǹkan kan padà, òní rẹ kò ní yí. Lẹ́yìn náà ni Steve Rogers padà sí àtijọ́, tó lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀ Peggy gbé, a sì rí i lórí àga gbọọrọ ní ìparí, ó ti di arúgbó. Ṣé ayé wa yìí ló ti ń gbé ní ìkọ̀kọ̀ láti ìgbà yẹn, àbí ayé mìíràn tó ya kúrò lára tiwa ló ti darúgbó kí ó tó padà wá? Àwọn tó kọ ọ́, Christopher Markus àti Stephen McFeely, ní ayé wa yìí ni. Àwọn tó darí rẹ̀, Anthony àti Joe Russo, ní ayé mìíràn ni. Àwọn tó jọ ṣe é gan-an kò fẹnu kò, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni ìwọ àti ọkọ rẹ máa torí rẹ̀ yí ẹ̀yìn síra sùn sí? Sọ tìrẹ, gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ pa iná.

Má sì sọ àbá rẹ fún ẹni tí kò tíì wo fíìmù náà. Bi í kọ́kọ́. Ìwà ìkà ni kí ènìyàn ti máa retí nǹkan fún ọdún méjì, kí o wá fi gbólóhùn kan bà á jẹ́ lórí ìlà ọkọ̀.

Ohun tó máa ń dun àwọn olùdábàá jù ni pé kí ìtàn lọ gba ibòmíràn. Múra sílẹ̀ fún un. Ìgbà mìíràn á gba ọ̀nà tìrẹ: nínú Star Wars ti ọdún 1977, Han Solo ń fọ́nnu pé ọkọ̀ òun rin ìrìn Kessel láàárín ohun tí kò tó parsec 12, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n jíjìn ni parsec, kì í ṣe ìwọ̀n àkókò. Àwọn olólùfẹ́ ní ọ̀nà àbùjá eléwu ló gbà tí ìrìn náà fi kúrú, fíìmù Solo sì fi í hàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Ti Jon Snow tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìwé A Game of Thrones ti jáde ní ọdún 1996 ni àwọn òǹkàwé tó ń fara balẹ̀ ti ń sọ pé Jon kì í ṣe ọmọ Ned Stark tí wọ́n ń pè ní bàbá rẹ̀, pé ọmọ Lyanna àbúrò Ned ni. Nígbà tí David Benioff àti D. B. Weiss lọ bá George R. R. Martin pé kí ó jẹ́ kí àwọn sọ ìwé rẹ̀ di eré tẹlifíṣọ̀n, ohun tó bi wọ́n ni pé ta ni ìyá Jon Snow. Wọ́n dáhùn, wọ́n sì gbà á. Ní ọdún 2016 ni tẹlifíṣọ̀n wá fi hàn fún gbogbo ayé. Martin ti sọ pé òun kò ní torí pé àwọn òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n kí òun yí ìtàn òun padà, torí òun ti gbin àmì rẹ̀ káàkiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn gidigidi.

Ṣùgbọ́n bí ìtàn kò bá gba ọ̀nà tìrẹ, má lọ máa bú òṣèré. Àbá rẹ kò di asán, o ti gbádùn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Stan Lee ti Marvel máa ń fi ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní No-Prize ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀bùn ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìwé aláwòrán wọn, tó sì ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í ṣe àṣìṣe. Àpò lẹ́tà ni, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn tó gbà á ń tọ́jú rẹ̀ bí wúrà.

Kí n tó jẹ́ kí o lọ, má rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni irú ayé ìtàn báyìí wà. Fágúnwà ti ṣe é fún wa tipẹ́. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ìtàn Àkàrà-oògùn. Ọdún 11 lẹ́yìn rẹ̀ ni Igbó Olódùmarè jáde, ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn. Ìwé ọmọ ló ṣáájú ìwé bàbá. Kà wọ́n bí wọ́n ṣe jáde, kí o wá padà tún wọn kà, kí ti bàbá ṣáájú. Wàá rí i pé ohun tí Àkàrà-oògùn sọ nípa ilé tí wọ́n ti bí i kò ní dún létí rẹ bó ṣe dún lákọ̀ọ́kọ́. Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ. Mú àwọn ọdẹ tó bá Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ, kí ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àràmàǹdà-Ọkùnrin ni kí ẹ fi ṣáájú, ẹni tí òtútù ń mú nígbà tí oòrùn bá ń ràn, tí ooru sì ń mú nígbà tí òtútù bá dé. Bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i nínú ọyẹ́, nígbà tí òwúrọ̀ tutù tí ọ̀sán sì gbóná. Bi wọ́n pé ṣé ó lè fọwọ́ kan iná. Jẹ́ kí wọ́n jiyàn, má dá wọn lẹ́kun. Ẹni tó bá sì ti rí ìdáhùn nínú wọn, fún un ní ìwé náà kí ó fi ojú ewé tó ti rí i hàn ẹ́.